Ìtọ́jú Kákítọ́ọ̀sì Oníràwọ̀: Àlàyé lórí Gbíngbìn àti Ìpamọ́ Astrophytum asterias

1. Ìfáàrà

Yorùbá a máa pa á lówe pé omi kò lọ́tàá. Òwe náà ṣòótọ́ nípa ènìyàn, ó ṣòótọ́ nípa ẹran ọ̀sìn, ó sì ṣòótọ́ nípa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun ọ̀gbìn tí ń bẹ lóko, ìbáà ṣe iṣu, àgbàdo tàbí ẹ̀fọ́. Ṣùgbọ́n ewéko kan wà tí òwe yìí kò bá mu rẹ́gí. Láàárín àwọn tí ń kó kákítọ́ọ̀sì jọ fún ìdùnnú ara wọn, ohun tí ó sábà ń pa Astrophytum asterias kì í ṣe ọ̀dá, kì í ṣe oòrùn, kì í sì í ṣe ẹran tí ń jẹko. Omi tí olówó rẹ̀ fi ìfẹ́ bù fún un ni. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀, àti láti fi hàn pé ìgbé ayé ewéko náà nínú ilẹ̀ tí ó ti ṣẹ̀ ni olùkọ́ fún ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ nínú ìkòkò. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, èyí ni ọ̀nà tí ewéko náà gbà dé ọwọ́ ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ nípa orúkọ ṣáájú. Ohun tí ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ Yorùbá nígbà tí wọ́n bá rí àwòrán kákítọ́ọ̀sì ni ọrọ́, ewéko ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n máa ń gbìn yí ọgbà ká. Wọ́n jọra lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ìdílé Euphorbia ni ọrọ́ ti wá. Bí ọ̀bẹ bá kàn án, oje funfun tí í ta ènìyàn lójú ni yóò máa ṣàn jáde. Kákítọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ ní ohun kan tí ọrọ́ kò ní, ìyẹn àwọn ojúkò kéékèèké lára rẹ̀ níbi tí ẹ̀gún, òwú àti òdòdó ti ń yọ. Àwọn ojúkò wọ̀nyí ni àpilẹ̀kọ yìí pè ní ojú ẹ̀gún. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni gbogbo ẹ̀yà kákítọ́ọ̀sì ti ń dá hù, àfi ẹyọ kan ṣoṣo, Rhipsalis baccifera, tí í so rọ̀ sára igi, tí ó wà ní Amẹ́ríkà tí ó sì tún wà nínú igbó ilẹ̀ Áfíríkà. Nítorí náà, bí ènìyàn bá pe kákítọ́ọ̀sì ní ọrọ́, ìtọ́jú ọrọ́ ni yóò máa fún un, bẹ́ẹ̀ ọrọ́ a máa fara da òjò Ìbàdàn láìsí ìyọnu. Ewéko tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí kò lè fara dà á.

2. Ewéko náà àti ìlú rẹ̀

Astrophytum asterias kò ga. Ó rí rọ̀bọ̀tọ̀, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí àkàrà tí ọwọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tí ó tóbi nínú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ ní ìbú. Ìhà mẹ́jọ ni ó sábà máa ń ní, àwọn ìlà tí ó pín ìhà wọ̀nyí sì bẹ̀rẹ̀ láti àárín orí rẹ̀ wá sí etí bí ìtànṣán ìràwọ̀. Láti èdè Gíríìkì ni orúkọ rẹ̀ ti wá: Astrophytum túmọ̀ sí ewéko-ìràwọ̀, asterias náà sì tún jẹ́ ohun tí ó dà bí ìràwọ̀, àfi bí ẹni pé ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Kò lẹ́gùn-ún rárá. Òwú funfun ṣùù-ṣùù ni ó wà ní ojú ẹ̀gún rẹ̀, tó àwọn tótòtó funfun tí ó wọ́n káàkiri ara rẹ̀ bí ẹfun. Òdòdó rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú nísàlẹ̀ inú, ìyókù rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè.

Ìtàn bí ó ṣe di mímọ̀ fún àwọn onímọ̀ ewéko ilẹ̀ Yúróòpù ní ẹ̀kọ́ nínú. Wilhelm von Karwinsky ni ó kó o láti Mẹ́síkò, Zuccarini sì ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1845 lábẹ́ orúkọ Echinocactus asterias. Lemaire ni ó mú un wọ inú ìdílé Astrophytum ní 1868. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kó lọ sí Yúróòpù kò pẹ́ tí wọ́n fi kú tán, kò sì sí ẹni tí ó tún rí òmíràn títí di 1923 nígbà tí Alberto Vojtěch Frič, ọmọ ilẹ̀ Czech, tún un rí ní Mẹ́síkò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rin ọdún tí ewéko náà fi jẹ́ orúkọ inú ìwé lásán fún àwọn tí ń fẹ́ ẹ. Ìdí tí ó fi ṣòro láti rí kò jìnnà. Nígbà ọ̀dá, omi ara rẹ̀ a dín kù, gbòǹgbò rẹ̀ a fà á wọlẹ̀, orí rẹ̀ a sì wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú ilẹ̀, eruku a bò ó. Ènìyàn lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó má mọ̀.

Gúúsù ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ní agbègbè Starr, àti àwọn ìpínlẹ̀ Tamaulipas àti Nuevo León ní Mẹ́síkò ni ó ti ń dá hù. Ibẹ̀ kì í ṣe aṣálẹ̀ oníyanrìn bí àwòrán sinimá ti ń fi í hàn. Igbó ẹlẹ́gùn-ún kúkúrú ni, koríko àti igi wẹ́wẹ́ sì pọ̀ níbẹ̀. Abẹ́ àwọn igi wẹ́wẹ́ wọ̀nyí ni ewéko náà sábà máa ń wà, tí òjìji wọn ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn ọ̀sán gangan. Kókó yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ni ó gbàgbọ́ pé kò sí oòrùn tí ó pọ̀ jù fún kákítọ́ọ̀sì. Igi tí ó ṣíji bò ó yìí dà bí alágbàtọ́ fún un. Bí wọ́n bá gé igi náà kúrò, ewéko kékeré abẹ́ rẹ̀ a di òkú oòrùn.

Bí kákítọ́ọ̀sì ṣe ń mí ni ó fa gbogbo ìwà rẹ̀ yòókù. Ọ̀pọ̀ ewéko a máa la ihò èémí wọn sílẹ̀ lọ́sàn-án láti gba afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ. Bí ihò náà bá ti là, omi inú ewé a máa gba ibẹ̀ lọ. Kákítọ́ọ̀sì kò lè ná irú ìnákúnàá bẹ́ẹ̀. Òru ni ó ń la ihò tirẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ ti tutù. Yóò gba afẹ́fẹ́ náà, yóò sọ ọ́ di èròjà kíkan, yóò sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí oòrùn bá yọ, yóò pa ihò dé, yóò wá máa fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ láti inú ohun tí ó ti kó pamọ́. Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí ewéko tí àwọn Yorùbá mọ̀. Ọ̀pẹ òyìnbó ń lò ó, àbámodá náà sì ń lò ó. Kódà, lára àbámodá ni Benjamin Heyne, tí ó ń gbé ní Íńdíà, ti ṣàkíyèsí pé ewé rẹ̀ a máa kan lẹ́nu ní kùtùkùtù òwúrọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá fi di ọ̀sán, kíkan náà ti lọ. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní 1815. Ẹnikẹ́ni tí àbámodá bá wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ lè fi ahọ́n kàn án wò láàárọ̀ àti lọ́sàn-án kí ó sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ewéko tí ó ń gbé ìgbé ayé báyìí kì í kánjú. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jẹ, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń mu, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dàgbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó yára, omi ni yóò máa bù fún un. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

3. Ilẹ̀, omi àti ìmọ́lẹ̀

Olórí gbòǹgbò ewéko yìí ki, ó sì lọ sísàlẹ̀ bí iṣu kékeré. Ìkòkò tí ó jìn díẹ̀ ni ó bá a mu, kì í ṣe àwo pẹrẹsẹ. Ìkòkò amọ̀ dára nítorí pé ara rẹ̀ ń fa omi, ilẹ̀ inú rẹ̀ sì ń tètè gbẹ. Bí ó bá jẹ́ ti ike, àfi kí olùtọ́jú dín omi kù. Ihò gbọ́dọ̀ wà nídìí ìkòkò, kí a sì fi àpáàdì wẹ́wẹ́ dí i láìdí i pa. Ní ti ilẹ̀, ìdajì rẹ̀ ó kéré tán, èyí tí ó sàn jù sì ni ìdá méjì nínú mẹ́ta, gbọ́dọ̀ jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn gidi tí a ti fọ̀ tí eruku rẹ̀ ti lọ. Ìyókù lè jẹ́ ilẹ̀ ọlọ́ràá. Yanrìn kíkúnná bí ìyẹ̀fun kò dára. Ó máa ń dì, kì í sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé ìdí gbòǹgbò. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí a máa da òkúta wẹ́wẹ́ yí ọrùn ewéko náà ká kí omi má bàa dúró tì í, nítorí ọrùn náà, níbi tí ara aláwọ̀ ewé ti pàdé gbòǹgbò, ni ìjẹrà ti sábà máa ń wọlé.

Nípa omi, òfin kan ṣoṣo ni ó wà: kí ilẹ̀ gbẹ dé ìsàlẹ̀ pátápátá kí òmíràn tó dé. Ojú ilẹ̀ kì í sọ òtítọ́. Ó lè gbẹ lókè kí ìsàlẹ̀ sì tutù. Ọ̀nà tí ó dájú ni kí olùtọ́jú máa gbé ìkòkò náà wò lọ́wọ́. Láìpẹ́, ọwọ́ rẹ̀ yóò mọ ìwọ̀n ìkòkò tí ó gbẹ yàtọ̀ sí ti èyí tí omi kù nínú rẹ̀. Bí àkókò bá tó, kí ó rin ilẹ̀ náà gbingbin títí omi yóò fi máa jáde nídìí, kí ó má sì fún un mọ́ títí yóò fi tún gbẹ. Bíbu díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ burú ju bíbu púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ojoojúmọ́ kì í jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ láéláé. Ní àwọn ilẹ̀ bí Jámánì, Czech àti Japan, níbi tí ìgbà òtútù ti ń mú gan-an, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wọn, láti nǹkan bí oṣù kẹrin sí oṣù kẹsàn-án, ni wọ́n ń bomi rin ín. Bí òtútù bá ti ń wọlé, wọ́n á dáwọ́ omi dúró pátápátá, wọ́n á sì fi í sínú ilé onígíláàsì níbi tí òtútù kò ti ní sọ̀ kalẹ̀ ju ìdíwọ̀n Celsius 5 sí 10 lọ. Bí ó bá gbẹ, ó lè fara da òtútù náà. Bí ó bá tutù nínú òtútù, ó ti kú.

Ibí yìí gan-an ni àwọn tí kò tíì mọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣìṣe. Ní ìgbà òtútù, nígbà tí kò rí omi, ewéko náà a sún kì, a tẹ́ sí i, a sì rí hunjọ bí ojú arúgbó. Àánú a ṣe ẹni tí ń wò ó. A bu omi fún un. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ń sùn ní àkókò náà, kò lè fa omi kankan. Omi náà a dúró tì í, èbu a mú gbòǹgbò, ìjẹrà a sì máa gòkè láti inú. Ara òde lè wà ní dídán fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i, débi tí olówó rẹ̀ yóò fi rò pé omi náà ti ṣe é lóore, títí di ọjọ́ tí yóò fọwọ́ kàn án tí yóò bá a ní rírọ̀ bí ìbẹ́pẹ tí ó ti pọ́n jù. Kò sí ohun tí ó ṣeé ṣe mọ́ nígbà náà. Rírẹ̀ tí ewéko náà rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Bí ó ti ń ṣe nínú ilẹ̀ Tamaulipas nìyẹn nígbà ọ̀dá, òun ni ó sì mú un wà láàyè.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dán an wò ní ilẹ̀ Yorùbá, òtútù kọ́ ni yóò jẹ́ ìṣòro rẹ̀. Òjò ni. Abẹ́ ìbòrí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá tí òjò kò sì lè dé ni ó yẹ ẹ́, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa, nítorí pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án kì í jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ bọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ó pọ̀ ṣùgbọ́n tí nǹkan fẹ́lẹ́ ṣíji bò lọ́sàn-án ni ó fẹ́. Bí ara rẹ̀ bá ń pọ́n bí ìpẹtà, oòrùn ti pọ̀ jù. Bí ó bá ń ga sókè bí ìṣù tí ó fẹ́ jáde kúrò nínú ìkòkò, ìmọ́lẹ̀ kò tó o. Ajílẹ̀ kò ṣe pàtàkì. Díẹ̀ tí náítírójìn inú rẹ̀ kò pọ̀, ní àkókò tí ó ń dàgbà nìkan, ti tó.

Àwọn kòkòrò tí ń yọ ọ́ lẹ́nu kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbówọ́. Kòkòrò funfun tí ó fi ohun bí òwú bo ara rẹ̀ ni ó burú jù, nítorí pé òwú ojú ẹ̀gún ewéko náà ń bá a sá pamọ́. Òmíràn tún ń gbé nídìí gbòǹgbò níbi tí ojú kò tó. Nítorí èyí ni ó fi dára kí olùtọ́jú máa tú ewéko náà jáde ní ọdún méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, kí ó wo gbòǹgbò rẹ̀, kí ó sì pààrọ̀ ilẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá tún un gbìn, kí ó má fún un lómi fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, kí gbogbo ojú ọgbẹ́ gbòǹgbò lè jinná. Èyí tí kòkòrò bá wà lára rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí a fi ọtí líle rin ti tó láti fi pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

4. Bíbí sí i

Astrophytum asterias kì í sábà yọ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé gé gbìn bí ẹ̀gẹ́. Irúgbìn nìkan ni ọ̀nà rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ kò sì lè fún ara rẹ̀ lóyún. Àfi kí lẹ́búlẹ́bú òdòdó ti inú ewéko mìíràn tí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà wá. Nínú igbó, oyin ni ó ń ṣe iṣẹ́ alárinà yìí. Nínú ilé, olùtọ́jú ni yóò fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ṣe é ní ọjọ́ tí òdòdó méjèèjì bá jọ là. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ẹyọ kan ṣoṣo ní ohun ẹwà. Ẹni tí ó ní méjì ni ó ní irú.

Hóró rẹ̀ dúdú díẹ̀, ó sì tóbi ju ti ọ̀pọ̀ kákítọ́ọ̀sì lọ. Ó ní ihò nínú bí ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń léfòó. Bí ó bá jẹ́ tuntun, a máa yára hù: láàárín ọjọ́ méjì sí ọ̀sẹ̀ kan, bí ooru bá wà ní ìdíwọ̀n Celsius 25 sí 30. Wọ́n a fi omi gbígbóná pa èbu inú ilẹ̀ tí wọn yóò lò, wọ́n a gbé hóró lé orí rẹ̀ láìbò ó, wọ́n a sì fi ọ̀rá bo ẹnu ìkòkò kí ọ̀rinrin lè wà níbẹ̀. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù yìí kò tíì ní ọgbọ́n àgbà. Òun nílò omi. Bí oṣù ti ń gorí oṣù ni a óò máa ṣí ọ̀rá náà díẹ̀díẹ̀ títí afẹ́fẹ́ òde yóò fi mọ́ ọn lára. Yóò tó ọdún mẹ́ta, ó sì lè ju márùn-ún lọ, kí ó tó yọ òdòdó àkọ́kọ́.

Àwọn tí kò lè dúró ni ó ń lọ́ ọ sára kákítọ́ọ̀sì mìíràn tí í yára dàgbà, bí Pereskiopsis. Abẹ tí ó mọ́ tónítóní ni wọ́n fi ń gé ọmọ náà nídìí, wọ́n a gé orí èyí tí yóò gbé e, wọ́n a sì fi ọ̀kan lé orí èkejì lọ́nà tí òrùka iṣan inú àwọn méjèèjì yóò fi pàdé. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó gba ìfarabalẹ̀ ni, ó sì ń mú kí ewéko yọ òdòdó kíákíá. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n lọ́ báyìí a máa wú ju bí ó ti yẹ lọ, ìtẹ́pẹrẹsẹ tí ó fi jẹ́ ara rẹ̀ a sì parẹ́. Fún ìgbàlà èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà, tàbí fún pípèsè irúgbìn lọ́pọ̀, ọgbọ́n náà dára. Bí ó bá jẹ́ fún ẹwà, ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú ni kì í bàjẹ́.

Àwọn ará Japan, tí wọ́n ń pe ewéko náà ní Kabuto, èyí tí í ṣe orúkọ àṣíborí jagunjagun wọn, ti fi irúgbìn yíyàn láti ìran dé ìran mú oríṣìíríṣìí jáde tí tótòtó funfun ara wọn nípọn débi pé àwọ̀ ewé fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní Super Kabuto ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó nílò pé kí ẹnikẹ́ni tún wú òmíràn nínú igbó Mẹ́síkò.

5. Èyí tí a gbìn àti èyí tí a wú

Síbẹ̀, wọ́n ń wú u. Òfin ààbò ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu ní Amẹ́ríkà mú ewéko náà mọ́ra ní 1993. Àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹ̀dá igbó, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Washington ní 1973, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, tí Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó kọ́kọ́ gbà á wọlé, kà á mọ́ àwọn tí kò gbọdọ̀ sí òwò lórí èyí tí a wú nínú igbó. Ìwádìí tí ó jáde ní 2015 lórí ẹ̀yà kákítọ́ọ̀sì 1,478 fi hàn pé 31 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó wà nínú ewu ìparun, àwọn tí ń kó wọn jọ sì wà lára ohun tí ó fà á. Ní 2020, àwọn ọlọ́pàá Ítálì rí kákítọ́ọ̀sì tí ó lé ní 1,000, tí wọ́n jí wú láti aṣálẹ̀ ilẹ̀ Chile. Ní 2021, wọ́n dá èyí tí ó lé ní 800 nínú wọn padà. Astrophytum asterias tún ní àjálù tirẹ̀ lọ́tọ̀: ó jọ péyótì, kákítọ́ọ̀sì tí àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ń lò nínú ìsìn wọn, àwọn tí ń ká péyótì ní gúúsù Texas sì ti ṣèèṣì ká a mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn bí ó ti hàn lójú. Ẹni tí ó gbin hóró nínú ilé rẹ̀ ń dín iye èyí tí ọjà ń béèrè láti inú igbó kù, òun náà sì ni ó ń mú kí ewéko náà túbọ̀ wu àwọn ẹlòmíràn. Àwọn kan ń sọ pé bí òfin bá le jù, èyí tí ó tọ́ láti tà kì yóò pọ̀, owó èyí tí wọ́n jí yóò sì ga. Àwọn mìíràn ní bí òfin bá dẹ̀, igbó yóò di òfo kí ọ̀nà gbíngbìn tó yanjú. Ohun tí ó dájú ni pé Astrophytum asterias kò ní irú àwáwí tí àwọn ẹ̀yà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lè ní. Ó pẹ́ tí irúgbìn rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn tí ń gbìn ín, kò wọ́n, kò sì ṣòro láti hù. Nítorí èyí, ẹni tí ó bá ra èyí tí a wú kò lè sọ pé kò rí òmíràn. Àwọn onímọ̀ ewéko pàápàá ti kọ́gbọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ìsinsìnyí, wọn kì í sọ ibi gan-an tí ẹ̀yà tuntun wà, nítorí pé àwọn ajínǹkan a máa ka ìwé wọn.

Ojú tí ó bá mọ̀ ọ́n lè dá èyí tí a wú mọ̀. Ìdí rẹ̀ a máa le bí èèpo igi, àpá eyín ehoro tàbí ti kòkòrò a máa wà lára rẹ̀, ìhà rẹ̀ kì í dọ́gba, gbòǹgbò rẹ̀ a sì ti gé. Èyí tí a gbìn láti inú hóró a máa jọ̀lọ̀ láti orí dé ìdí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó yá jù ni kí ẹni tí ó fẹ́ ra á bi ẹni tí ń tà á ní ọdún tí wọ́n gbin hóró rẹ̀. Ẹni tí ó gbìn ín máa ń mọ̀, nítorí pé ó ti kọ ọ́ sára ike pẹlẹbẹ tí ó kì bọ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò náà.